Ẹ́ńjìnnì Kú Láàárín Òjò Dídì: Ta Ló Máa Wá?

Lónìí, mo fẹ́ mú yín lọ sí ibi tí ẹ ò ti ní rí máàstì kankan.

Aago méjì òru ni, ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, ọdún 2022. Àríwá Alaska ní Amẹ́ríkà ni, níbi tí oòrùn kì í yọ ju wákàtí mélòó kan lọ lóòjọ́ lásìkò yẹn. Ọkùnrin kan ti gbéra ní abúlé Noorvik, ó ń lọ sí Kotzebue. Nǹkan bíi kìlómítà 70 ló wà láàárín ibẹ̀ méjèèjì, kò sì sí títì ọlọ́dà kankan tó so wọ́n pọ̀. Snowmobile ló gùn, èyí tí àwọn ará Alaska ń pè ní snowmachine. Ẹni tí kò bá tíì rí i rí, kó ro ó bí ọ̀kadà tí wọ́n yọ táyà rẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n fi ọ̀pá pẹlẹbẹ méjì tó ń yọ̀ síwájú, tí wọ́n wá fi rọ́bà gbòòrò tó ń yípo bíi ẹsẹ̀ katakata sí abẹ́ rẹ̀.

Ọkùnrin yìí há sójú ọ̀nà. Ó yọ fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Àmọ́ iPhone ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó lè bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ nígbà pàjáwìrì, kò sì tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ díẹ̀ lọ tí Apple ṣí iṣẹ́ náà fún aráàlú. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé ìkà ni, nínú òtútù yẹn, àmọ́ a ó padà wá bá a. Kí n tó sọ ẹni tó wá gbé e, mo fẹ́ ká wo ẹni tí ì bá wá ká ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni.

Ajá ni. Ajá àti èèyàn.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1925, àrùn diphtheria bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Nome, ní etíkun Alaska. Ẹ rántí àrùn yìí, òun náà ló jà ní Kano lọ́dún 2023, ó máa ń dí ọ̀nà ọ̀fun ọmọdé títí kò fi ní lè mí mọ́. Curtis Welch ni dókítà ìlú náà. Oògùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti kọjá àsìkò, òkun ti dì gbagidi, ọkọ̀ ojú omi kò lè wọlé, bàálù ayé ìgbà yẹn kò sì ṣeé gbé jáde nínú òtútù bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin gbé oògùn tuntun dé Nenana, ó parí síbẹ̀. Láti Nenana dé Nome jẹ́ kìlómítà 1,085, ọkọ̀ pákó tí ajá ń fà nìkan ló lè dé ibẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Wọn ò rán akọni kan ṣoṣo. Nǹkan bíi ogún ọkùnrin àti àádọ́jọ ajá ló pín ọ̀nà náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Onílé kan á dúró sí ìdúró tirẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, iná á ti wà nínú ààrò, ajá á ti wà lára okùn; bí ẹni tó ń bọ̀ bá ti dé, á gba àpótí oògùn, á móoru rẹ̀ díẹ̀, á sì sáré lọ bá ẹnìkejì. Ọjọ́ márùn-ún àti ààbọ̀ ni wọ́n fi dé Nome, ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì. Balto ni orúkọ ajá tó ṣáájú wọ ìlú, òun ni wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ sí Central Park ní New York. Àmọ́ ajá tó rin apá tó gùn jù tó sì léwu jù, Togo ni. (Rárá o, kò bá ará Lomé tan. Orúkọ ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Japan kan ni ọ̀gá rẹ̀, Leonhard Seppala, fi sọ ọ́.)

Ẹ fi ìtàn yìí sọ́kàn: àwọn èèyàn tó ti mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀, tí wọ́n sì dúró dè é.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní ìpínlẹ̀ Quebec lórílẹ̀-èdè Kánádà, kò sẹ́ni tó lè wá. Joseph-Armand Bombardier jẹ́ mẹkáníìkì ní abúlé Valcourt. Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó lè sáré lórí òjò dídì ti wọ̀ ọ́ lára. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, nígbà tó mú ẹ́ńjìnnì Ford àlòkù kan, ó dè é mọ́ orí pákó ìyọ̀, ó fi abẹ̀bẹ̀ bàálù sẹ́yìn rẹ̀, ó sì wà á láàárín ìlú. Bàbá rẹ̀ ní kó tú u palẹ̀ kíá, kó tó gé èèyàn lápá. Bàbá yẹn ò jẹ̀bi, ní tèmi.

Ní Quebec ìgbà yẹn, ìjọba kì í kó òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà ìgbèríko. Bí òtútù bá ti dé, àwọn tó ní mọ́tò á gbé e sórí igi, ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹṣin tó ń fa pákó ló kù. Ní ìgbà òtútù ọdún 1934, àpẹ́ńdíìsì Yvon, ọmọ Bombardier, wú, ó sì bẹ́ sínú. Ọmọ ọdún méjì ni. Ọsibítù tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un wà ní Sherbrooke, nǹkan bíi kìlómítà 50. Láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ nìyẹn. Òjò dídì ti dí gbogbo ọ̀nà. Bàbá ọmọ yìí ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ òjò dídì fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ kò tíì ní ọ̀kan tó ṣeé gbé jáde lọ́jọ́ náà. Yvon kú.

Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń sáré kọjá níbí, wọ́n á ní ìbànújẹ́ yẹn ló mú un ṣe ẹ̀rọ. Ẹ ti rí i pé ó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ohun tó yí padà ni ohun tí ẹ̀rọ náà wà fún. Ní ọdún 1935 ó rí ojútùú ìṣòro tó ti ń dà á láàmú: àgbá eléyín tí wọ́n fi rọ́bà bò, tó ń fa bẹ́líìtì gbòòrò tí kò ní rì. Ìjọba fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní 1937. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ tà, B7, gba èèyàn méje. B12 tó tẹ̀ lé e ní 1942 gba méjìlá. Bọ́ọ̀sì ni, kì í ṣe ọ̀kadà. Àwọn dókítà rà á, àwọn tó ń gbé lẹ́tà rà á, wọ́n fi gbé ọmọ ilé-ìwé, wọ́n sì fi ṣe áńbúláǹsì. Snowmobile bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń lọ gbé ẹni tó há.

Nígbà tó di òpin àwọn ọdún 1940, ìjọba Quebec bẹ̀rẹ̀ sí í kó òjò dídì lójú ọ̀nà, ọjà bọ́ọ̀sì náà sì wálẹ̀. Ní 1959 Bombardier wá ṣe kékeré, tí ẹnì kan tàbí méjì lè gùn. Ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, Fadá Maurice Ouimet, míṣọ́nnárì Kátólíìkì ní Lansdowne House ní àríwá Ontario, ẹni tó ń fi ajá rin ìrìn àjò láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀. Ski-Doo ni wọ́n pè é. Ní ìlú Roseau ní Minnesota, àwọn tó dá Polaris sílẹ̀ náà ti ń ṣe tiwọn láti 1956. Ní 1960, Edgar Hetteen, ọ̀kan nínú wọn, kó àwọn ẹ̀rọ náà lọ sí Alaska, ó wà wọ́n láti Bethel dé Fairbanks, nǹkan bíi kìlómítà 1,900, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ayé lè gbà pé kì í ṣe nǹkan ìṣeré. Nígbà tó délé, àwọn tó lówó nínú ilé-iṣẹ́ ní ó ń fi àsìkò ṣòfò. Inú bí i, ó kúrò. Ilé-iṣẹ́ tó tún lọ dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà ló di Arctic Cat, tó ń bá wọn du ọjà títí dòní.

Láàárín ọdún díẹ̀, ẹ̀rọ yìí gba ibi gbogbo tí òjò dídì wà. Ibẹ̀ ni wàhálà tuntun ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló máa ń bà jẹ́ lára rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, ẹ ti mọ ìdajì ìtàn náà. Irú ẹ́ńjìnnì kan náà ni. Ẹ ó po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù, ẹ ó fa okùn, ẹ ó tún un fà. Ọ́ìlì pọ̀ jù, pílọ́ọ̀gì dọ̀tí, kò jó. Ọ́ìlì kéré jù, písítìn gan mọ́ inú, ó parí nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, bẹ́líìtì kan wà tó ń gbé agbára láti ara ẹ́ńjìnnì lọ sí ara rọ́bà ìsàlẹ̀; bí ó bá já, ẹ lè tẹná títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ ò ní kúrò lójú kan. Tàbí kí ẹ máa lọ lórí odò tó ti dì, kí ẹ má mọ̀ pé omi ti sun jáde sábẹ́ òjò dídì, kí ẹ̀rọ rì sínú rẹ̀, kí omi sì tún dì mọ́ ọn lára bíi sìmẹ́ńtì.

Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú ní Mushin, ooru àti ẹ̀fọn ló máa fìyà jẹ yín. Níbẹ̀, ìwọ̀n òtútù lè jẹ́ 30 sísàlẹ̀ òdo. Ẹ gbọ́dọ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó lè tú pílọ́ọ̀gì, ìka tí ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ lára rẹ̀ kò sì ní pẹ́ tó fi máa kú.

Ohun tó tún burú jù ú lọ ni eré tí ẹ̀rọ náà ń sá. Ohun tó ń gba ajá ní odindi ọjọ́ kan tàbí méjì, snowmobile lè ṣe é ní wákàtí díẹ̀. Ó dùn mọ́ ọdẹ. Àmọ́ ibi tí ẹ̀rọ gbé èèyàn dé ní wákàtí méjì, ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin kó tó fi ẹsẹ̀ rìn ín padà, bí ó bá tilẹ̀ lè rìn ín. Bí ajá kan bá rẹ̀ nínú ajá mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ṣì ń fà. Ajá mọ ọ̀nà ilé nínú ìjì tí ojú èèyàn kò ríran. Ajá ń móoru, èèyàn lè sùn tì í. Bẹ́líìtì kan tó já kò ní ìkejì, àyàfi bí ẹni tó gùn ún bá rántí mú un dání.

Ẹ wo Ralph Plaisted, ará Minnesota tó ń ta adójútòfò, tó ní òun fẹ́ gun snowmobile dé òpin àríwá ayé. Ó gbìyànjú ní 1967, kò ṣeé ṣe. Ó tún lọ ní 1968. Ọjọ́ 43 ni wọ́n fi rìn lórí òkun tó dì, àwọn mẹ́rin dé North Pole ní oṣù Kẹrin, bàálù ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà sì fìdí ibi tí wọ́n wà múlẹ̀. Nínú àwọn mẹ́rin yìí, ẹ gbọ́ o: ọ̀kan, Walt Pederson, mẹkáníìkì ni. Òmíràn, Jean-Luc Bombardier, ọmọ ẹbí ẹni tó ṣe Ski-Doo gan-an. Ìdajì ẹgbẹ́ ló mọ ẹ́ńjìnnì bí ẹní mowó! Bàálù ló sì ń já epo àti oúnjẹ fún wọn lójú ọ̀nà, bàálù náà ló gbé wọn padà sílé. Ọdẹ tó lọ wá ẹran fún ọmọ rẹ̀ kò ní mẹkáníìkì, kò ní bàálù.

Kí ló wá ní? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Igloolik, ìlú àwọn Inuit lórí erékùṣù kan ní Nunavut, àríwá Kánádà. Nígbà tí snowmobile dé bá wọn ní àwọn ọdún 1960, wọn ò ju ọgbọ́n àtijọ́ nù, ara ẹ̀rọ ni wọ́n wé e mọ́. Wọ́n ń lọ ní méjì méjì, ẹ̀rọ kan á lè wọ́ ìkejì. Wọ́n ń so qamutik, pákó gígùn àtijọ́ tí ajá ń fà, mọ́ ìdí ẹ̀rọ, wọ́n sì ń kó epo, àgọ́, sítóòfù, pílọ́ọ̀gì àti bẹ́líìtì àpọ̀jù sórí rẹ̀. Èyí tó wú mi lórí jù ni bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí wọ́n wà. Atẹ́gùn kan wà tí wọ́n ń pè ní uangnaq, ó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn àríwá, ó sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń gbẹ́ òjò dídì ilẹ̀ sí àwòrán kan tó rí bí ahọ́n. Uqalurait ni orúkọ àwọn ahọ́n náà. Ibì kan náà ni gbogbo wọn kọjú sí. Nínú kùrukùru, lóru, ẹni tó bá mọ̀ wọ́n lè fi ẹsẹ̀ tọ́ wọn wò, kó sì mọ ọ̀nà tí ilé wà.

Rédíò ìbánisọ̀rọ̀ wá dé láti àwọn ọdún 1970, irú èyí tí wọ́n ń na wáyà rẹ̀ síta àgọ́. Lálẹ́, ọdẹ á kéde ibi tó wà, ohun tó pa, àti ohun tó bà jẹ́. Gbogbo ìlú ló ń gbọ́, nítorí ojú òpó kan náà ni gbogbo wọn wà. Bíi group WhatsApp ẹbí tí kò sẹ́ni tó lè mú un dákẹ́. Bí ohùn ẹnì kan kò bá jáde lálẹ́ ọjọ́ tó yẹ kó jáde, àwọn kan á ti máa bu epo sínú ẹ̀rọ tiwọn.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀run wá dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1972, bàálù tó gbé àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà méjì sọnù ní Alaska. Ọjọ́ 39 ni wọ́n fi wá a, a ò rí i títí dòní. Kánádà, Faransé, Amẹ́ríkà àti Soviet Union fọwọ́ sí àdéhùn ní 1979, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Soviet ń na bọ́ǹbù síra wọn: sátẹ́láìtì wọn á máa tẹ́tí sí ẹni tó ń ké fún ìrànwọ́, ọmọ ìlú yòówù kó jẹ́. Cospas-Sarsat ni orúkọ ètò náà. Soviet ló ju sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ sókè ní oṣù Kẹfà 1982. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, sátẹ́láìtì yẹn gbọ́ ìró láti ara bàálù kékeré kan tó já sínú igbó ní British Columbia ní Kánádà. Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n gbà là. Ètò náà ṣì ń ṣiṣẹ́, Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, NEMA ló ń bójú tó ibùdó tiwa ní Àbújá.

Tẹ́lẹ̀, inú bàálù àti ọkọ̀ ojú omi ni ẹ̀rọ tó ń ké yìí máa ń wà. Ní Amẹ́ríkà, láti 2003 ni ẹnikẹ́ni ti lè ní tirẹ̀ lápò. Ní 2007, SPOT dé, èyí tó lè fi "mo wà dáadáa" ránṣẹ́ sílé láì ké pe ọlọ́pàá. Ní Nunavut, ọdẹ lè yá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kó tó jáde. Àwọn àgbà Igloolik ò bú ẹ̀rọ wọ̀nyí, wọ́n mọ̀ pé ó ń gba ẹ̀mí là. Ohun tó ń kọ wọ́n lóminú ni ọ̀dọ́ tó ń wo GPS nìkan, tí kò mọ uqalurait, tó sì ń jáde lọ́wọ́ òfo. Bátìrì kì í bá òtútù ṣọ̀rẹ́. Ẹ̀yin tí fóònù yín máa ń kú ní 15%, ẹ ṣáà rò ó wò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọkùnrin wa tí a fi sílẹ̀ nínú òtútù.

Fóònù rẹ̀ bi í ní ìbéèrè kúkúrú, ó sì sọ ibi tó yẹ kó kọjú rẹ̀ sí lójú ọ̀run, nítorí sátẹ́láìtì yẹn ń sáré kọjá ni. Apple fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ pé iṣẹ́ náà lè má ṣiṣẹ́ lókè ìwọ̀n 62 ní àríwá. Kotzebue wà ní nǹkan bíi 67. Síbẹ̀, ó wọlé. Ọ̀rọ̀ náà lọ sí ibùdó Apple, ó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Alaska, ó sì dé ọwọ́ ẹni tó ń ṣètò ìwákiri ní Northwest Arctic Borough, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀. Ẹni yìí kò ní sátẹ́láìtì. Ohun tó ní ni àwọn èèyàn tó mọ̀ ní Noorvik àti Kotzebue, tó lè jí lóru.

Àwọn mẹ́rin ló dìde nínú wọn. Kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún wọn, wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ni. Wọ́n lọ tààrà sí ibi tí fóònù sọ, wọ́n bá a níbẹ̀, wọ́n sì gbé e dé Kotzebue. Nǹkan kan ò ṣe é.